Egungun Ọwọ́ Lójú Fèrèsé Télọ̀

Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Àǹtí Àgbà ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n yé fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ilẹ̀ tútù. Wọ́n á ní ta ló sọ fún mi. Ẹ má dárúkọ mi.

Ẹ ní ó ti pé ọdún kan tí mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, pé bóyá mo ti sanra débi tí ojú ń tì mí. Ó dáa, fọ́tò rèé. Ẹ gbé fíìmù dúdú tó wà nínú àpòòwé yìí síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ó rí mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni. Awakọ̀ wa ló pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀gá wa sì ní àfi kí wọ́n yà á wò. Ẹ má fòyà o. Dókítà wò ó, kò sí egungun tó ṣẹ́, kò sí èyí tó là. Ó kàn wú fún ọjọ́ méjì ni. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí yín, torí kò sí fọ́tò tó lè jinlẹ̀ jù báyìí lọ.

Ẹ tún bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe gan-an, torí ẹ ti ń sọ fún àwọn oníbàárà yín pé fọ́tò ni mò ń yà. Kò jìnnà sí i. Ẹ̀rọ tó ń ya egungun ni, ṣùgbọ́n tiwa kò tóbi bíi ti ilé ìwòsàn ńlá. Àpò méjì péré ni. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀kan, pátákó pẹlẹbẹ tí a máa ń tì sábẹ́ ibi tó ń dunni wà nínú èkejì. Bí arúgbó bá ṣubú nínú yàrá rẹ̀, a kì í gbé e jìgìjìgì lọ síbì kankan. Àwa la máa gun àtẹ̀gùn lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì ní pẹ́ tí a ó fi mọ̀ bóyá nǹkan ṣẹ́. Lánàá, a lọ sọ́dọ̀ tíṣà àgbà kan tó fi ìbàdí balẹ̀. Ó ní ká dúró kí òun kọ́kọ́ yarun. Mo ní, "Màmá, egungun la fẹ́ yà." Ó ní òun gbọ́, ká ṣáà dúró. A dúró.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Kóòtù iṣẹ́ tí wọ́n fún mi fẹ̀ bí àgọ́. Ó ti há mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ọ̀kan fún mi. Mo fẹ́ àpò kékeré méjì láyà rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. A ní irin kékeré méjì tí a máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a bá ń yà, kí dókítà lè mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, mo sì ti sọ mẹ́ta nù láàárín ọdún kan. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni wọ́n máa fi mí ṣe olórí ikọ̀ wa. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kejì

Ọwọ́ Bàbá, ọmọ mi àtàtà,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà, ara sì le. Ẹ̀yìn mi ti fúyẹ́ látìgbà tí mo ti pààrọ̀ àga. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹsẹ̀ òun ni òun fi ń rìn, pé ìwọ ni kí o wọ bàtà fún un láti ibẹ̀ yẹn.

Mo ní kí o fi ojú ránṣẹ́, o fi egungun ránṣẹ́. Bí mo ṣe gbé e sókè báyìí, ẹ̀gbọ́n mi figbe ta, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ọmọ wa ló nawọ́ kí wa. Ó gba fíìmù náà, ó wò ó títí, ó ní, "Ọwọ́ rẹ gẹ́lẹ́ nìyí." O mọ̀ pé òun ló sọ ọ́ ní Ọwọ́ Bàbá lọ́jọ́ tí a bí ọ, torí ó ní bí ìka rẹ ṣe rí ni tèmi rí nígbà tí òun ń gbé mi pọ̀n. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan bi mí bóyá mo ti ń ran egungun báyìí. Mo ní kó mú tiẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ inú àpò yẹn ni kò wọ̀ mí létí. Nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú tó wà ní ìkángun òpópónà wa náà gbé nǹkan bẹ́ẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n rán àpò tuntun fún un torí okùn ti àkọ́kọ́ ti já. Wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ ni. Mo wọn gígùn rẹ̀, mo wọn ìbú rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọṣọ lọ. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ṣé nǹkan tó kéré báyẹn ló fẹ́ ríran wọnú ẹran dé egungun? Nọ́ọ̀sì ní látìgbà tó ti dé, kò tíì sẹ́ni tó gbà kí òun lò ó fún un, gbogbo wọn ló ń ní ilé ìwòsàn ńlá ni àwọn ń lọ. Mo ní wọ́n gbọ́n.

Ní ti kóòtù, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń bẹ̀ mí fún. Mo ti ra aṣọ funfun tó nípọn dáadáa. Kí oṣù kẹta tó parí, yóò ti wà lọ́rùn rẹ. Ogójì ọdún ni mo ti ń ránṣọ, kò sì sẹ́ni tó rí abẹ́rẹ́ tí mo gbàgbé sínú aṣọ rí. Èmi ni mo ń gé e, èmi ni mo ń rán an, èmi náà ni mo ń ṣẹ́ ẹ létí. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà mọ̀ ọ́n rán, pé ọ̀dọ̀ òun ni mo ti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ní kó máa rán tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Fi fọ́tò ojú ránṣẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì kà á sí àwọn ará ibi iṣẹ́ létí. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn náà rán egungun.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ọ̀sì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì fún yín. Bàbá kan wà tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin. Ó ṣubú nínú balùwẹ̀, ó wá búra pé kò sóhun tó ṣe òun. Ó dìde, ó rìn yípo yàrá, ó tún jó díẹ̀ kí n lè gbà gbọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣáà yà á, kí n lè rí nǹkan kọ sínú ìwé. A ti pátákó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Egungun ọrùn ẹsẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì. Nígbà tí mo fi hàn án, ó wò ó, ó jókòó, ó ní, "Kò yẹ kí n jó."

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Èèyàn lè parọ́ fún dókítà, ó lè parọ́ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n egungun kò mọ irọ́ pa.

Ẹ má gbàgbé àpò kékeré méjèèjì láyà kóòtù o. Mò ń ka ọjọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. A wà. Kóòtù yóò pẹ́ díẹ̀, aṣọ tí mo rà kò dára tó, mo ń wá òmíràn. Bíro tuntun ni mo fi ń kọ̀wé yìí, kò tíì mọ ojú ìwé. Oúnjẹ ń wọlé, oorun ń kùn. Bá mi kí awakọ̀ ojú irin yẹn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ka lẹ́tà yín nígbà mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni kò gùn tó ìlà mẹ́fà. Ta ló kọ ọ́? Bíro tuntun kì í mú kí ìwé èèyàn máa fì sápá òsì bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi rúlà ìgéṣọ fa ìlà sábẹ́ ọjọ́, ìlà ti ọ̀tẹ̀ yìí wọ́ bí òwú tó já.

Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní, "Gbogbo wa wà, ó dàbọ̀," ẹ sì pa á. Mo ní kí ẹ gbé e fún Àǹtí Àgbà, ẹ ní wọ́n wà ní balùwẹ̀. Bàbá, èèyàn kì í wà ní balùwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ tún ní aṣọ tí ẹ fọwọ́ ara yín rà kò dára. Láti kékeré mi, mi ò rí i kí ẹ ra aṣọ burúkú rí. Bí ẹ bá gbọ́rọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tán, ẹ máa fa aṣọ náà, ẹ máa gbóòórùn rẹ̀, ẹ máa fi eyín tọ́ òwú rẹ̀ wò. Kóòtù tó fẹ̀ bí àgọ́ yẹn ni mo máa wọ̀ lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin, ìyẹn ò burú. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́ fún mi. Èmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ ní, ibi tí mo wà sì jìnnà. Bí ẹ ò bá sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Ẹ sọ òótọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta

Ọwọ́ Bàbá,

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ lẹ́tà tó kọjá, òun náà ni mo fi ń kọ eléyìí. Fi sùúrù kà á.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, mo gun àpótí kí n lè bá ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ́tìnnì kọ́. Àpótí yẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún balẹ̀. Ó wú, ó sì ti rọlẹ̀. Kì í dùn mí rárá, àfi bí mo bá fẹ́ mú nǹkan. Sísọ́ọ̀sì kò ṣeé mú. Bíro náà kò ṣeé mú. Ife tíì ṣeé mú bí kò bá sí tíì nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ yà á wò. Mo ní kí ni mo fẹ́ lọ yà, nígbà tí fíìmù wà nílé? Mo dúró sójú fèrèsé, mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ, ìka lé ìka, àtàǹpàkò lé àtàǹpàkò. Mo wá fara balẹ̀ wo egungun ìdí àtàǹpàkò, níbi tó ń dùn mí gan-an. Kò ṣẹ́. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé dókítà wò ó, kò rí nǹkan kan. Ṣebí ọwọ́ kan náà ni? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi pátánì kan gé aṣọ méjì, tí mo sì wọn ọ̀kan tó pé, kí ni mo tún fẹ́ wọn èkejì fún? Torí náà, mo ti ya tèmi. O ṣeun tí o fi ránṣẹ́.

Jẹ́ kí n sọ tinú mi fún ọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ nígbà kan. Wọ́n fi símẹ́ńtì funfun di ọwọ́ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, nígbà tí wọ́n sì tú u, kò lè gé aṣọ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí títí ó fi kú, tó ń wo aṣọ lára àwọn tó ń kọjá. Símẹ́ńtì yẹn ń bà mí lẹ́rù ju ìrora lọ. Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé wà nílẹ̀, kóòtù rẹ wà nílẹ̀. Mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì gé e, mo sì ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Má bínú sí mi. Àmọ́ mi ò lọ síbì kankan.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrora. Ẹ kú ìfarapamọ́ náà.

Inú ọkọ̀ iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti gbé ọwọ́ yín lé tèmi, mo rẹ́rìn-ín débi pé awakọ̀ wa ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kó tó bi mí pé kí ló dé, mo ti ń sunkún. Àná ni wọ́n fi mí ṣe olórí. Mo di olórí àwọn tó ń wá egungun tó ṣẹ́ kiri, mi ò sì mọ̀ pé bàbá tèmi ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé láti oṣù tó kọjá.

Fíìmù mi kò lè sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ yín, kódà ká jọra bí ìbejì. Pátánì lẹ sọ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ti pátánì. Bí ẹ bá fi pátánì kan gé ṣẹ́ẹ̀tì méjì, tí ìṣó wá fa ọ̀kan ya lára ẹni tó wọ̀ ọ́, ṣé èkejì tó wà nínú àpótí ni ẹ máa yẹ̀ wò kí ẹ tó ní kò ya? Èmi ò gun àpótí, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ gùn ún.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi báyìí. Ẹ na àtàǹpàkò ọ̀tún yín sókè bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró. Ẹ ó rí kòtò kékeré kan ní ìdí rẹ̀, lápá ọrùn ọwọ́. Ẹ fi ìka òsì tẹ inú kòtò yẹn. Egungun kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju kóró ẹ̀wà ńlá kan lọ. Bí ẹ bá fò sókè nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti là. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, bí a kò bá sì dì í lákòókò, ó lè má jinná láéláé, àtàǹpàkò ò sì ní lágbára mọ́. Mi ò mọ ohun tó ṣe ọ̀gá yín. Ṣùgbọ́n mo rò pé kì í ṣe símẹ́ńtì ló gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn. Ó jọ pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dì í ni. Ẹ̀yin náà ti ń pẹ́.

Irú ẹ̀rọ tí ẹ wọn gígùn rẹ̀ yẹn ni mò ń gbé kiri lójoojúmọ́. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì. Mo ti kọ ìwé sí i, ó wà nínú àpòòwé yìí, ẹ má tú u. Mo sọ fún un pé egungun yẹn máa ń sá pamọ́ bí a bá tẹ́ ọwọ́ lásán. Kó tẹ ọwọ́ yín sápá ìka ọmọńdinrín, kó tún yà á lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò bínú nítorí kóòtù. Ọwọ́ tó fẹ́ rán an ni mò ń bẹ̀ fún.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Fóònù yín kò tilẹ̀ dún mọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń bínú torí mo fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ bínú nínú lẹ́tà, ẹ fi ọwọ́ òsì bú mi, màá kà á. Mo dé ọ̀dọ̀ arúgbó mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọwọ́ tí mo bá gbé lé pátákó, ọwọ́ yín ni mò ń rí. Ẹ kọ̀wé sí mi, ì báà jẹ́ ìlà kan.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé ìwé ẹlòmíràn lo rí. Èmi Àǹtí Àgbà rẹ ni. Bàbá rẹ wà níwájú mi níbí, ó ń jẹun, ó sì ń sọ fún mi bí mo ṣe máa kọ ọ́. Mi ò gbọ́ tiẹ̀. Fóònù rẹ̀ bọ́ sínú omi sítáàṣì, ó ti gan bíi kọ́là. Lẹ́tà rẹ náà pẹ́ lọ́nà. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ló tó wọlé.

Bàbá rẹ kà á tán, ó ká a, ó ní òun máa rò ó. Mo ní kó rò ó bó bá ṣe wù ú, kó na àtàǹpàkò rẹ̀. Mo tẹ inú kòtò yẹn. Ó fò sókè, ó ta tíì mi dànù, ó ní kò dùn òun.

Lọ́jọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì wá béèrè àpò ẹ̀rọ rẹ̀ tí bàbá rẹ ti ń fi ọ̀la dá a lóhùn láti oṣù kejì. Ó gbé ẹ̀rọ náà dání kí wọ́n lè tún un wọ̀n. Kí bàbá rẹ tó lanu, mo ti fi ìwé rẹ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ojú ẹsẹ̀ ló kó aṣọ kúrò lórí tábìlì ìgéṣọ, ó tẹ́ pátákó sílẹ̀, ó ní kí bàbá rẹ gbọ́wọ́ lé e. Èmi àti oníbàárà méjì bọ́ síta, a ń yọjú láti ojú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ.

Àwòrán àkọ́kọ́ jáde. Nọ́ọ̀sì wò ó, kò rí nǹkan kan. Ó yẹ kí o rí bàbá rẹ. Ó jó jáde dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ ọ́? Fíìmù ọmọ mi ti sọ ọ́ tipẹ́." Ó ti fẹ́ máa wá téèpù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún ìwé rẹ kà, ó pè é padà, ó tẹ ọwọ́ náà sápá ìka ọmọńdinrín bí o ṣe wí, ó tún yà á. Ìlà tín-ín-rín kan ló wà láàárín egungun kékeré yẹn, bí irun ojú. Bàbá rẹ wò ó pẹ́, ó wá bi mí ní ohùn kékeré, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo tún lè gé aṣọ?" Látìgbà tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀, mi ò tíì rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀, mo wá ní, "Wàá gé e." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀.

Nọ́ọ̀sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí dókítà egungun ní ilé ìwòsàn ńlá, èsì sì dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó ní kí wọ́n dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí wọ́n máa yà á wò. Símẹ́ńtì ti gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ó ti wá ń dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi pé etí símẹ́ńtì náà kò gún.

Nǹkan kan kù. Wọ́n tẹ fíìmù tiẹ̀ náà jáde fún wa, a sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Ọwọ́ yín kò jọra rárá. Àtàǹpàkò rẹ̀ kúrú, tìrẹ gùn, ìka kejì kò tilẹ̀ bára mu. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń pè ọ́ ní Ọwọ́ Bàbá, mi ò sì ní yí i padà. Àwọn oníbàárà méjì yẹn ti ròyìn ká àdúgbò, èèyàn sì ti ń tò níwájú nọ́ọ̀sì báyìí.

Àǹtí Àgbà rẹ. Mo ti ń wọ bàtà.


Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Keje

Ọwọ́ Bàbá,

Wo ìlà tó wà lábẹ́ ọjọ́ yẹn. Rúlà ni mo fi fà á, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi mú rúlà.

Wọ́n tú símẹ́ńtì náà ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Ọwọ́ mi tín-ín-rín lábẹ́ rẹ̀, ó funfun bí ẹni tí kò rí oòrùn rí, mo sì rò pé ó ti parí fún mi. Nọ́ọ̀sì tún yà á. Ìlà yẹn ti lọ. Ó ní kí n máa fún aṣọ rírẹ láràárọ̀ kí agbára lè padà. Mo fún gbogbo aṣọ ilé yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo sunkún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

Nọ́ọ̀sì ti gba àpò rẹ̀, okùn méjì ni mo fi sí i. Kóòtù rẹ sì rèé. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí o fẹ́ wọ̀ ọ́ ti kọjá, ó sì dùn mí. Wọ̀ ọ́ sí àwọn ọjọ́ tó kù. Èmi nìkan ni mo rán an, láti kọ́là dé ìṣẹ́tí.

Nísinsìnyí, gbọ́. Mo gbà pé ẹ̀rọ yín rí egungun mi. Àmọ́ egungun tóbi. Mo ti fi abẹ́rẹ́ kan pamọ́ sínú kóòtù náà. Má fọwọ́ wá a, má tú aṣọ, ẹ̀rọ ni kí o fi wá a. Bí ó bá rí i, n ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì níwájú gbogbo èèyàn tó bá wà lórí ìlà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Keje

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ọwọ́ yín á máa le. Mo gbé lẹ́tà yín mọ́ àyà kí n tó kà á, torí mo ti mọ ìwé yín láti ẹ̀yìn àpòòwé.

Kóòtù náà bá mi mu bí awọ ara mi. Tíṣà àgbà tó ń yarun fọwọ́ pa etí kóòtù náà, ó ní ta ló rán an, mo ní bàbá mi ni. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun kò ní ọkọ. Irin ọ̀tún wà nínú àpò ọ̀tún, irin òsì wà nínú ti òsì, mi ò sì tíì sọ ìkankan nù.

Ní ti ìdánwò yín: a máa ń dán ẹ̀rọ wò láàárọ̀ kí a tó jáde, ọ̀gá wa sì gbà kí n tẹ́ kóòtù sórí pátákó. Gbogbo wọn pagbo yí i ká. Ẹ̀rọ rí i, Bàbá. Abẹ́rẹ́ wà nínú kọ́là, ní àárín ẹ̀yìn gan-an, ó nà gbọọrọ. Ẹ lọ tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà. Abẹ́rẹ́ kan lẹ sọ. Méjì ni ẹ̀rọ rí. Èkejì wà ní ẹnu ọwọ́ òsì kóòtù náà, ó kúrú, ó sì tẹ̀ díẹ̀ ní ìdí. Ogójì ọdún, kò sẹ́ni tó rí abẹ́rẹ́ tí ẹ gbàgbé sínú aṣọ rí. Ta ló ni eléyìí?

Mo ti gba ìsinmi. Oṣù Kejìlá, mò ń bọ̀ wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Keje

Ọmọ mi,

Mo ti tọrọ àforíjì. Èèyàn méje ló wà lórí ìlà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Èmi kọ́ ni mo ni abẹ́rẹ́ kejì. Nígbà tí mo ran ọwọ́ ọ̀tún kóòtù náà tán, àtàǹpàkò mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò fẹ́ kí kóòtù náà tún pẹ́ sí i. Mo gbé e lọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó bá mi ran ọwọ́ òsì. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn mú jígí ojú rẹ̀. Ogójì ọdún, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀. Ó rán an dáadáa, bí kì í bá ṣe ti abẹ́rẹ́ yẹn, o ò bá má mọ̀. Mo ti gbé máṣíìnì kan sí ẹ̀gbẹ́ tèmi fún un nínú ṣọ́ọ̀bù. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ti ń tán nílẹ̀. Ó ní kí o dá abẹ́rẹ́ òun padà, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá a.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ yẹn ti mú mi báyìí. Nígbà tí o bá ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ ni kí o gbé wá.

Bàbá rẹ.